Orúkọ Tí Màmá Kì í Pè

A ti sin Màmá. Àwọn tó wá jẹun ti jẹ tán, àwọn tó ni àga ti wá kó àga wọn, ilé sì ti dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ aago ara ògiri. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kí mi pé mo kú ìnáwó. Ẹsẹ̀ mi wú, ohùn mi há, bẹ́ẹ̀ tó bá di Mọ́ńdè mo gbọ́dọ̀ padà sí ilé oògùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òkè-Àfà, kí n lọ dúró lẹ́yìn káńtà láti àárọ̀ dalẹ́.

Ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n tẹ̀ wà níwájú mi lórí tábìlì. Àwọn ẹbí ló kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sínú rẹ̀. Wọ́n ní wọ́n bí i ní Èkìtì, ó kàwé, ó di tíṣà, ó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Ìsọlọ̀ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, ó bí ọmọ mẹ́ta, ó sì sùn nínú Olúwa. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé olórí kunkun ni Màmá, ẹ ò sì ní mọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn fún ọdún mọ́kànlá tó kẹ́yìn ayé rẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n. Èmi Ìbùkún, ọmọ Ṣadé tó jẹ́ àkọ́bí rẹ̀, èmi ni mò ń bá a gbé ní Okota.

Orúkọ ni ọ̀rọ̀ náà. Láyé ìgbà tiwọn, bí obìnrin bá dé ilé ọkọ, kò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni tó bá nílé náà lórúkọ. Kì í ṣe bàbá ọkọ àti ìyá ọkọ nìkan o. Ọmọ tó ṣì ń rá lórí ẹní, bí wọ́n bá ti bí i kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ ìyàwó ni. Ìyàwó gbọ́dọ̀ wá orúkọ mìíràn tí á máa pè é. Àwọn ìyàwó kan á pe ọmọ kan ní Akọ́wé, wọ́n á pe èkejì ní Akọ́wé Kékeré, ó parí. Màmá ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń wo ènìyàn dáadáa kó tó sọ ọ́ lórúkọ. Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin tí ẹ̀rín rẹ̀ dára, Eyínfúnjowó ló pè é. Èyí tó máa ń rìn jẹ́jẹ́, ó pè é ní Má-tẹ-ilẹ̀-lára. Àbíkẹ́yìn ilé náà kò ju ọmọ ọdún méjì lọ nígbà tí Màmá dé. Ó dúdú, bí wọ́n bá sì ti fi àdín pa á lára tán, ara rẹ̀ á máa dán yinrin. Màmá sọ ọ́ ní Àdúmáradán. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń pọ̀n ọ́n, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ náà ti mọ orin ìjọ kó tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ.

Àdúmáradán ti di àgbàlagbà báyìí. Pásítọ̀ ni, ó ń ṣe olùṣọ́ ìjọ ní ìlú wọn ní Èkìtì, Bàbá Pásítọ̀ ni àwa ọmọọmọ ń pè é. Ó ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ. Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, nítorí ọmọ lèmi náà jẹ́ nínú ilé yẹn, ẹ ó sì rí ìdí mìíràn tó bá yá.

Ṣadé, ìyá mi, sọ fún mi pé ọdún kan wà tí ọmọ kan tó ń jẹ́ irú orúkọ yẹn gan-an wọ kíláàsì Màmá ní Ìsọlọ̀. Odidi ọdún kan, Màmá ò pe ọmọ náà lórúkọ. Tó bá ń pe orúkọ àwọn ọmọ láàárọ̀, tó bá kan ọmọ yẹn, á ní, "Ìwọ tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé ńkọ́?" Ọmọ á ní, "Mo wà ńbí, mà." Nígbà tó yá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Fèrèsé. Bàbá ọmọ náà wá bínú sí iléèwé, ó ní orúkọ tí òun sọ ọmọ òun kì í ṣe Fèrèsé. Màmá bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tí ọ̀gá iléèwé wá bi í pé kí ló dé gan-an, ó ní, "Sà, ọkọ mi ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi gbé ọmọ yẹn lọ sí kíláàsì mìíràn."

Ẹ̀rọ kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi ni mo gbé e wọlé. Orúnkún Màmá ló fà á. Ilé òkè ni ìjọ wa ní Okota wà, àtẹ̀gùn ibẹ̀ ga, nígbà tó sì di pé à ń ti Màmá lẹ́yìn kó tó lè gun ún, ó ní òun ò lọ mọ́, òun kì í ṣe ọkọ̀ tí wọ́n ń tì. Àwọn ìjọ ti ń gbé ìsìn jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nísinsìnyí. Mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Àìlégún, mo ra àpótí dúdú kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n tí á máa gbé nǹkan inú íńtánẹ́ẹ̀tì síta. Kò tóbi ju páálí ìṣáná méjì lọ. Màmá yí i lọ, yí i bọ̀, ó ní, "Gbogbo ìjọ ló máa wọ inú èyí?"

Ẹni tó tà á fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa gbà. Irọ́ ni. Ọ̀sán odidi Sátidé kan la fi ṣe é. Mo so wáyà, mo tan tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ ní kí a mú èdè tí a fẹ́. Màmá wọ awò ojú, ó ka èdè wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní kí n dá a padà sókè kí òun tún un kà, bóyá ojú òun ló fò ó. Kò sí Yorùbá níbẹ̀. Ó kẹ́dùn, ó ní kí n mú Gẹ̀ẹ́sì, ó ní ìyẹn náà gbà wá lálejò rí. Lẹ́yìn ìyẹn ó kan páásìwọ́ọ̀dù Wáífáì, tí a ní láti fi rìmóòtù mú ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Màmá ń pè é fún mi láti ara ìwé, mo ń ṣì í, ó ń ní kí n ṣe pẹ̀lẹ́, iná ń lọ, iná ń dé. Ìgbà kẹta tí a tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè, mo jágbe, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ráyè!" Kò jágbe padà. Ó ká ìwé rẹ̀, ó ní, "O ti ráyè. Èmi ni mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń fọ eyín."

Ìgbà tí ẹ̀rọ náà wá ṣí tán, ohun àkọ́kọ́ tó kọ sójú tẹlifíṣọ̀n ni pé ta ló ń wò? Ó yẹ kí a kọ orúkọ ẹni tó ń lò ó síbẹ̀ ni. Màmá wò ó. Ó wò mí. Ó ní ṣé òun ni wọ́n ń bi? Mo ní òun ni. Ó ní, "Àlejò kì í dé kó máa bi onílé pé ta ni." Láti ọjọ́ yẹn ló ti sọ ẹ̀rọ náà ní Àlejò. "Ìbùkún, wá bá mi jí Àlejò." "Àlejò ò dá mi lóhùn lónìí o." Àwọn aládùúgbò tó bá ń gbọ́ ọ á rò pé a ní ẹnìkan nínú yàrá.

Kò pẹ́ tó fi mọ̀ ọ́n lò jù mí lọ. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, á ti wẹ̀, á ti wé gèlè, á ti fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Màmá, wọn ò rí yín o." Ó ní, "Mo mọ̀ pé wọn ò rí mi. Èmi ni mo rí ara mi." Tó bá di alẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, fíìmù Yorùbá ló máa ń wò, kì í sì í wò ó bí ènìyàn gidi ṣe ń wò ó. Ó ní ìwé àjákọ kan àti bírò pupa. Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n máa ń kọ sísàlẹ̀ àwòrán, bí iṣẹ́ ọmọ iléèwé ló ṣe ń máàkì wọn. Ọkùnrin kan nínú fíìmù kan pàdánù gbogbo ohun tó ní, ó kígbe pé, "Mo gbé!" Wọ́n kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ọkùnrin náà gbé nǹkan. Màmá ní, "Dá wọn dúró! Dá wọn dúró!" Ọkùnrin náà yanu sílẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n títí Màmá fi kọ ìtumọ̀ tó tọ́ tán. Mo ti dé láti ibi iṣẹ́, ẹsẹ̀ ń ro mí, mo kàn fẹ́ mọ ẹni tó kó owó ọkùnrin náà lọ ni. A jà lórí ẹ̀ gidi. Ó fún ẹni tó kọ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ní máàkì mẹ́ta nínú mẹ́wàá.

Ohun tó wá dùn mọ́ ọn jù ni pé bọ́tìnnì kan wà lára rìmóòtù tí ènìyàn lè tẹ̀ kó sì sọ ohun tó ń wá lẹ́nu. Àmọ́ Àlejò ò gbọ́ Èkìtì. Màmá lè gbé Èkó títí ayé, bí nǹkan bá ti dùn mọ́ ọn, ó ti di "ulé" nìyẹn, kì í ṣe "ilé" mọ́. Ó ní kó fún òun ní orin ulé, ẹ̀rọ gbé òyìnbó kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù jáde. Màmá wo òyìnbó yẹn títí, ó ní, "Ó ṣe é dáadáa, àmọ́ kì í ṣe ọmọ wa."

Ó wá ku ohun tí mi ò fẹ́ sọ, tí mo sì gbọ́dọ̀ sọ.

Nígbà tí Bàbá Àgbà, ọkọ Màmá, ń ṣàìsàn ní ilé ìwòsàn lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, Màmá nìkan ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tó kẹ́yìn. Bàbá Àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kó má gbé òun lọ sílé ní Èkìtì o. Ó ní ọ̀nà jìn, orúnkún rẹ̀ ò dára, kó sin òun sí ibi tí á ti lè máa wá wo òun. Ìyẹn ni gbogbo ohun tó sọ. Kò sí nọ́ọ̀sì níbẹ̀, kò sí ọmọ níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti kú.

Bàbá Pásítọ̀ ti ní kí wọ́n gbẹ́ sàréè sílẹ̀ ní Èkìtì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wọn. Ó wá sí Okota pẹ̀lú ọkọ̀ tó máa gbé òkú. Màmá ní rárá, ó sọ ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ. Bàbá Pásítọ̀ ní, "Ta ló gbọ́?" Màmá ní òun gbọ́. Ó tún ní, "Yàtọ̀ sí ìwọ, ta ló gbọ́?" Ó wá sọ níwájú gbogbo ènìyàn pé Màmá jí òkú ẹ̀gbọ́n òun gbé, lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí nínú ilé wọn: ó pe Màmá lórúkọ. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, láìsí ìyá, láìsí nǹkan kan níwájú. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ̀ á ní kí ló wà níbẹ̀. Nínú ilé yẹn, àgbà, ọmọdé, "ìyàwó wa" ni wọ́n ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé. Bí wọ́n bá ti pè ọ́ lórúkọ, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nílé nìyẹn. Ìyá mi sọ fún mi pé gbogbo yàrá ń wo ẹnu Màmá, wọ́n ń retí kó pe orúkọ tirẹ̀ padà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kò pè é. Ó kàn ní, "Àdúmáradán, omi wà lórí tábìlì. Mu omi kí o tó máa lọ." Ọkùnrin náà ò mu ún. Èkó la sin Bàbá Àgbà sí, ọdún mọ́kànlá sì kọjá láìjẹ́ pé ẹnìkan nínú àwọn méjèèjì gbé fóònù.

Màmá kì í sunkún lórí ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́ fún mi, lọ́jọ́ tí mò ń bá a fi òróró ra orúnkún. Ó ní, "Mi ò bẹ Ọlọ́run fún nǹkan púpọ̀ mọ́. Kí ọmọ yẹn ṣáà pè mí ní ìyàwó wa lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó kú."

Sátidé kan, mo dé láti Òkè-Àfà lọ́sàn-án, mo bá obìnrin kan lórí tẹlifíṣọ̀n tó ń fi ìpara ra apá. Màmá jókòó síwájú rẹ̀, rìmóòtù ń bẹ lórí itan rẹ̀, ojú rẹ̀ ti rẹ̀. Mo ní, "Màmá, ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ ìpara?"

Ó ní, "Ìgbà karùn-ún nìyí lónìí tí Àlejò máa fún mi ní ìpara."

"Kí lẹ ní kó wá?"

"Àdúmáradán."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́run dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Kí ni ẹ̀rọ fẹ́ ṣe? Wọ́n ní dúdú tó ń dán, ó kó ọṣẹ dúdú àti ìpara jáde. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí i pé Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn ló sọ fún òun pé Àdúmáradán ti ń gbé ìsìn jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé irun rẹ̀ ti funfun. Òun kàn fẹ́ rí irun náà ni.

Mo dìde nílẹ̀. Mo ní, "Màmá, orúkọ wọn gan-an ni wọ́n fi ṣe àkọlé ẹ̀. Ẹ jẹ́ n bá yín pè é."

"Ṣé ìwọ ni wọ́n bú ni? Bí ẹnìkan bá máa pè é, èmi ni."

"Ẹ má pè é, ẹ kàn tẹ lẹ́tà ẹ̀ ni."

Ó wò mí bíi pé mo gba òdo. Ó ní, "Tíṣà ni mí, Ìbùkún. Kíkọ àti pípè, ọ̀kan náà ni."

Nǹkan bí oṣù kan ló fi gbé e yẹ̀wò. Mo mọ̀, nítorí ìgbà tó bá rò pé mo ti sùn lálẹ́, mo máa ń gbọ́ ọ tó ń dán orúkọ mìíràn wò. "Pásítọ̀ Èkìtì." "Àbúrò ọkọ mi." "Ọmọ tí mo pọ̀n." Àlejò ò mọ ìkankan nínú wọn.

Ó wá di Sọ́ńdè kan. Ìsìn Okota ti parí, mo wà ní kíṣíìnì, mò ń gé ẹ̀fọ́. Mo gbọ́ tí Màmá dìde, orúnkún rẹ̀ dún. Mo yọjú. Ó dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú gèlè lórí, ó fi ọwọ́ méjèèjì di rìmóòtù mú, ó tẹ orúnkún díẹ̀ síwájú, níwọ̀n ibi tó lè tẹ̀ ẹ́ dé. Ó ní, "Ẹ dákun, ẹ má bínú." Lẹ́yìn náà ló pe orúkọ náà. Mi ò mọ ẹni tó ń bẹ̀, bóyá Bàbá Àgbà ni, bóyá àwọn tó ti lọ nílé ọkọ rẹ̀ ni.

Àlejò ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó gbé orin ẹ̀bẹ̀ kan jáde, ìlù ń dún kíkankíkan.

Màmá pòṣé. Ó tún tẹ bọ́tìnnì náà, lọ́tẹ̀ yìí kò tẹ orúnkún, kò sọ pé ẹ dákun. Ó pe orúkọ náà nìkan, ketekete, bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń pe ọmọ tó wà ní ìta pé kó wálé.

Ọkùnrin náà yọ. Irun rẹ̀ funfun lóòótọ́, ó jókòó sórí àga láti wàásù. Màmá jókòó. Ó wo irun náà, ó ní, "Ó ti gbó. Ta ló ń bá a gé irun báyìí?"

Láti ìgbà náà, ìsìn méjì ló ń ṣe lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ti Okota àti ti Èkìtì. Ó máa ń dá Bàbá Pásítọ̀ lóhùn. "Ó ti ka ẹsẹ yẹn tẹ́lẹ̀." "Ó ń wúkọ́, kò wọ aṣọ òtútù." Mo ní kó jẹ́ kí n pe fóònù wọn. Ó ní, "Mo ti pè é. Ó kù kó dáhùn." Mo ní, "Màmá, wọn ò gbọ́ o." Ó ní, "Ṣé mo sọ fún ẹ pé ó gbọ́ ni?" Kí lẹ fẹ́ kí n sọ sí irú ìyẹn? Inú ń bí mi sí àwọn méjèèjì, pàápàá ọkùnrin yẹn. Ìyá tó pọ̀n ọ́n ń wo ikọ́ rẹ̀ láti Okota, òun ń wàásù nípa ìfẹ́.

Mo bá ṣe ohun tí mi ò bi ẹnikẹ́ni. Lórí ìsìn wọn, àwọn tó ń wò láti ọ̀nà jíjìn máa ń kọ ìkíni ránṣẹ́, obìnrin kan á máa kà wọ́n sétígbọ̀ọ́ ìjọ. Mo mú fóònù mi, mo kọ ọ́ pé Ìyá Ṣadé ń wò yín láti Okota, wọ́n ní kí ẹ máa wọ aṣọ òtútù. Obìnrin náà kà á gẹ́lẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́. Bàbá Pásítọ̀ yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọrin."

Màmá rọra yíjú sí mi. Ó ní, "O fi mí ránṣẹ́ bí ẹrù." Ọjọ́ méjì ni kò bá mi sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó ń jẹ ẹ̀kọ, ó dédé ní, "Ṣé ìwọ náà rí ojú rẹ̀ nígbà tí wọ́n kà á?" Mo ní mo rí i, ó jọ pé ẹkún fẹ́ bọ́ lójú wọn. Ó ní, "Mo rò pé ojú mi ni." Ó jẹ ẹ̀kọ náà tán, ó ní kí n bu sí i.

Sọ́ńdè mẹ́ta tẹ̀ lé ìyẹn. Ìsìn kọ̀ọ̀kan, Màmá á gbé fóònù rẹ̀ sórí itan, á ti fi ohùn rẹ̀ sókè pátápátá. Kò dún. Ní ọjọ́ Túsìdeè tó tẹ̀ lé ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo gbé omi gbígbóná lọ fún un láàárọ̀, mo pè é, kò dáhùn.

Ẹ̀rù ń ba ìyá mi kí ọjọ́ ìsìnkú tó pé. Ó ní Bàbá Pásítọ̀ máa wá, pé ó ṣeé ṣe kó ní kí a gbé òkú lọ sílé láti fi gbẹ̀san. Ó wá lóòótọ́, pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo. Ẹbí jókòó. Wọ́n bi í pé níbo ni ká sin Màmá sí. Ó ní, "Ẹ sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní sọ ohun tí kò fẹ́ fún ìyàwó rẹ̀. Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́." Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́!

Lónìí, nígbà tí gbogbo ènìyàn lọ tán, mo bá a nínú pálọ̀, ó jókòó sórí àga Màmá. Ó ní àtọjọ́ tí wọ́n ti ka ìkíni yẹn lòun ti ń gbé fóònù, tí òun ń gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Mi ò mọ ohun tí mo máa pè é tó bá gbé e. Tí mo bá ní ìyàwó wa, ojú á tì mí. Tí mo bá pe nǹkan mìíràn, á tì mí ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó ti rẹ̀ mí kọjá ká máa fi ọ̀wọ̀ pa ọ̀rọ̀ mọ́. Mo ní, "Màmá pè yín, sà."

"Fóònù mi ò dún, ọmọ mi."

"Kì í ṣe fóònù. Iwájú tẹlifíṣọ̀n yẹn ló dúró sí. Àdúmáradán ni ẹ̀rọ ò gbọ́, ló bá pe orúkọ yín."

"Orúkọ mi?"

"Orúkọ tí wọ́n sọ yín, sà. Ẹ̀ẹ̀mejì."

Ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó wò mí. Ó ní, "Báwo ló ṣe pè é? Pè é bó ṣe pè é."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ni mí. Mi ò lè pe orúkọ yín."

"Mo bẹ̀ ẹ́."

Mo kúnlẹ̀ níbi tí Màmá dúró sí. Mo pè é bó ṣe pè é lẹ́ẹ̀kejì, ketekete, láìsí bàbá níwájú, láìsí sà lẹ́yìn.

Ọkùnrin náà dìde lórí àga. Ó ní, "Mo gbọ́ o. Ìyàwó wa, mo ti gbọ́."